Ọ̀sẹ̀ Méjì Láì Wakọ̀

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún bá mi gbé E ga! Ọlọ́run tó bá mi wọ kóòtù láì gba lọ́yà, mo wólẹ̀ fún Ọ! Àbí ẹ ò ní pariwo ni?

Ẹ ṣeun. Ẹ máa bá mi pariwo ọ̀hún lọ, torí ohùn tèmi ò tíì padà sípò. Orúkọ mi ni Abọ́sẹ̀dé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe, láti ilé dé ilé, láti Woolwich títí wọ Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọdún yìí ni mo gba láísẹ́ńsì. Àbúrò ìyá mi, Uncle Dépọ̀ tí wọ́n jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ni wọ́n yá mi ní mọ́tò wọn, wọ́n sì fi orúkọ mi sí ìwé insọ́ránsì. Olúwa á bù kún wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti pẹ́. Bàbá kan ń dúró dè mí ní Thamesmead pé kí n wá gbé àwọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú títì dá. Ogún máìlì ní wákàtí kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, èmi ń sá méjìdínlógójì. Ẹ̀yin ará, ṣé eré nìyẹn nílé? L'Óṣogbo, wọ́n á ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn èèyàn ráyè kọjá. Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kọ mànà lójú mi, ó tán.

Ilé Uncle ni lẹ́tà lọ, torí àwọn ni wọ́n ni mọ́tò. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù sí i pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wakọ̀.

Èmi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tóbi. Mánéjà mi ló là á yé mi. Ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ńsì, tí wọ́n bá fún un ní point mẹ́fà, àmì ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀ yẹn, wọ́n á gba láísẹ́ńsì ọ̀hún padà. Tí kò bá sì sí láísẹ́ńsì, mi ò níṣẹ́ tí mo lè fún ẹ." Bẹ́ẹ̀, orí iṣẹ́ yẹn ni físà mi dúró lé. Tí iṣẹ́ bá lọ, èmi àti Mofẹ́ ọmọ mi á kó ẹrù wa nìyẹn.

Kí ni mo wá ṣe? Mi ò ṣe nǹkan kan. Mi ò sunkún, mi ò gbààwẹ̀. Gbogbo ara mi kàn kú ni. Màá fi báàgì tíì sínú ife, màá gbé ife sẹ́nu kí n tó rí i pé mi ò bu omi sí i. Bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé, mo jókòó, mò ń wo ilé mi bó ṣe ń lọ. Ẹ ń gbàdúrà fún mi níbí, ẹnu mi ń ṣe Àmín, inú mi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run gba Àmín ẹnu lásán náà! Ògo!

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, Uncle pè mí sílé wọn ní Woolwich Dockyard. Wọ́n ti wọ gíláàsì, bírò ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Sẹ̀dé, mo ti rò ó. Èmi ni màá sọ pé mo wakọ̀. Láísẹ́ńsì tèmi ti gbó, point ò lè rí i gbé ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú àgbà tó fẹ́ bá mi gbé ẹrù, kí n wá ní irọ́ ni wọ́n fẹ́ pa? Mo bá kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Uncle rò pé mò ń dúpẹ́ ni! Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́: "Ó ti tó, dìde, dìde. Tí mi ò bá ṣe é fún ẹ, ta ni mo fẹ́ ṣe é fún?" Wọ́n fa fọ́ọ̀mù mọ́ra. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń wo bírò.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́run rán Auntie Bímpé, ìyàwó wọn, wọlé. Ẹ mọ̀ pé wọ́dà ni wọ́n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n wo bírò. "Daddy, kí lẹ fẹ́ kọ?"

Uncle ṣàlàyé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Auntie ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Irọ́ yìí, ẹ̀wọ̀n ló wà nínú ẹ̀, fún ẹ̀yin àti òun. Èmi ń wọ Belmarsh láàárọ̀, mò ń jáde nírọ̀lẹ́. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ wọ ẹ̀wọ̀n láì jáde ni?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni!"

"Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Uncle kọjú sí mi. "Sẹ̀dé, àbí o ò fẹ́?"

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, àfi bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Mo ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ." Ó dùn wọ́n. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n kọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù!

Ìwé kóòtù wá dé, mo sì ní màá yọjú fúnra mi. Ìmọ̀ràn pọ̀! Àwọn ìyá kan nínú ìjọ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní, "Tó o bá débẹ̀, sunkún. Bú sẹ́kún gidi. Àwọn òyìnbó ò lè fara da ẹkún." Mo kúkú gbìyànjú. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kóòtù, mo dúró níwájú dígí, mo fún ojú pọ̀. Omi ò jáde.

Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Ìyá tó wà láàárín bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo sáré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló fà á. Mo ní, "Mo ti pẹ́, bàbá kan ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n mi ò wo iye tí mò ń sá." Ó ní kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí láísẹ́ńsì mi bá lọ. Mo sọ ọ́: iṣẹ́, físà, ọmọ. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń ka orúkọ bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Mo jókòó.

Wọ́n wọlé lọ, wọ́n padà. Ìyá náà ní, "Ohun tá a bi yín lẹ dáhùn, ẹ ò ṣe àwáwí. A ò ní fún yín ní point. Ẹ ó san ìtanràn, ẹ ò sì gbọdọ̀ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Èmi ò gbọ́ ju "ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀" lọ. Mo ní ó ti parí. Mo jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń ro báàgì tí màá kó aṣọ Mofẹ́ sí. Ọkùnrin kan, akọ̀wé kóòtù, ló jáde tọ̀ mí wá. Ó ní, "Madam, ṣé ó yé yín? Point mẹ́fà ni ì bá gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ yín. Wọn ò fún yín ní ẹyọ kan. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, ẹ máa wakọ̀ yín lọ." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní, "Thank you, sir," mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Mánéjà mi ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì péré?" Ó fún mi láwọn àgbàlagbà tó ń gbé nítòsí Tavy Bridge ní Thamesmead, mò ń fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Nígbà tó pé, fóònù mi dún, Uncle Dépọ̀ ni. Wọ́n ní, "Sẹ̀dé, wá gbé mọ́tò ẹ." Mọ́tò mi, ẹ gbọ́ o!

Jésù, mo dúpẹ́. Auntie Bímpé, mo dúpẹ́. Uncle, mo tún dúpẹ́. Mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ: inú mi ò tíì dùn bó ṣe yẹ kó dùn. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Ó ṣe é. Ẹ̀yin tí wàhálà ti gbẹ omijé lójú yín, tí àdúrà ò já geere lẹ́nu yín, ẹ má rò pé Ọlọ́run ń dúró kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sunkún. Kò rí ẹ̀kán omi kan lójú mi tó fi yọ mí. Á yọ ẹ̀yin náà.

Láàárọ̀ ọ̀la, màá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ogún ni màá máa sá, kò ní fi ẹyọ kan lé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fun fèrè. Ẹni tí Olúwa yọ ló wà níwájú yín.