Okùn Tí Mo Fà Le Kí Òjò Tó Dé

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ àbíkẹ́yìn mi tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ relé ọkọ, àti ìwọ ọkọ rẹ̀, ẹ sún mọ́ mi, torí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Lánàá tí bàbá yín ń gbà yín níyànjú lórí àgọ́ tí ẹ fẹ́ lọ máa gbé títí ilé yín yóò fi parí, ó tún sọ ìtàn tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: bí òun ṣe kan èèkàn pẹ̀lú ìkánjú nígbà tí a jẹ́ tọkọtaya tuntun, tí àgọ́ fi wó, tí àìbìkítà òun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó òun. Gbogbo yín mi orí. Èmi náà mi orí, bí mo ṣe ń mì ín láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àdúrà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Ohun tí ọkàn mi ń wí ni pé, ìwọ obìnrin yìí, orí rẹ ti funfun tán, ẹrù tìrẹ lo ṣì dì lé ọkọ rẹ lórí. Mi ò lè gbé e mọ́. Àgọ́ náà kò wó fúnra rẹ̀, bàbá yín kọ́ ló sì jẹ̀bi. Èmi ni mo wó o.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bà yín lẹ́rù nípa àgọ́ o. Inú àgọ́ ni mo ti jẹ ayé mi. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le. Aránṣọ ni mí, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo gbà lọ sílé ọkọ, ilé tí èèyàn ti ń tẹ nǹkan lára ògiri kí iná tàn, tó ń yí ẹ̀rọ kí omi dé. Bàbá yín ní tirẹ̀, àgọ́ ló ń rán. Tapólì, okùn àti òpó, ohun tó mọ̀ láyé nìyẹn. Alágọ̀ọ́ ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lẹ́yìn ìlú, wáyà iná kò dé ibẹ̀, páìpù omi kò mọ̀nà ibẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, dípò ká máa gbé ilé onílé, àgọ́ tí mo fọwọ́ ara mi rán ni a ó máa gbé títí a ó fi kọ́ tiwa." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ náà á mọ̀ pé ẹnu lásán ni mo fi gbà. Èèrà ló kọ́kọ́ wá kí wa kú ìgbéyàwó. Lọ́sàn-án, inú àgọ́ a gbóná bí inú ìkòkò tí a dé. Ní ìdájí, ìrì á ti rẹ aṣọ ìbora. Maṣíìnì ìránṣọ mi tó dúró lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú ń gbọ̀n bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Bí mi ò bá rántí rọ epo sínú àtùpà kí ilẹ̀ tó ṣú, inú òkùnkùn la ó ti jẹun, ọkọ mi á sì ní, "Jẹ́ kí n bù fún ọ, àmọ́ tí mo bá ki ṣíbí bọ̀ ọ́ nímú, dárí jì mí." Ẹ̀rín á pa mí, inú á sì tún bí mi pé ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó gbé gèlè kọ́ apá kó má baà kan orí àgọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ náà ń bá àwọn ará inú Bíbélì rìn nínú aginjù ni? Yàrá kan ṣófo nílé mi, fáànù wà níbẹ̀, ẹ máa bọ̀." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tí àgọ́ yìí bá já wa kulẹ̀ la ó máa bọ̀." Gbólóhùn yẹn wọ inú mi lọ, ó wá àga, ó sì jókòó.

Ẹ ó ti mọ̀ pé okùn òwú ni wọ́n ń lò láyé ìgbà náà. Okùn òwú ní ìwà kan: bó bá mu omi, ńṣe ló máa ń súnkì, á fà mọ́ra, bí kò bá sì rí àyè, á fa èèkàn tu nínú ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a dé ibẹ̀ ni ọkọ mi ti kọ́ mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé okùn, ó ní, "Èmi lè wà níbi iṣẹ́ nígbà tí òjò bá ṣú. Ìwọ ni kó o yí àgọ́ ká, kó o dẹ okùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Bó o bá ti ṣe ìyẹn, ìjì ò lè mú un." Mo sì ń ṣe é, ó sì ń rí bó ṣe wí. Ó fọkàn tán mi débi pé bí òjò bá bá a lọ́nà, kì í sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti dà á.

Lásìkò yẹn, ìjọ fẹ́ ṣe ìsọjí, wọ́n sì ti fẹnu sọ ọ́ pé ọkọ mi ni yóò rán àgọ́ ńlá tí gbogbo èèyàn yóò jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ tó lọ wọn ilẹ̀ tí wọ́n máa nà á sí, òjò ṣú dùdù. Mo jáde. Mo gbé ọwọ́ lé okùn, bó ṣe kọ́ mi. Dípò kí n dẹ ẹ́, mo fà á le. Mo fi gbogbo agbára mi fà á, títí tó fi ń dún bí mo bá ta á níka. Mo yí àgọ́ ká, mo fa gbogbo wọn le. Ẹ wò ó bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń létò: mo kó aṣọ ìgbéyàwó wa àti ìwé orin wa sínú àpótí onírin kí omi má baà kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo gbé korobá, mo lọ dúró sínú ahéré tí a ń kó sìmẹ́ǹtì sí. Òjò dé. Èèkàn bẹ̀rẹ̀ sí í tu lọ́kọ̀ọ̀kan, àgọ́ tẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ bí màlúù tó ti rẹ̀. Inú mi dùn. Kí n má parọ́ fún yín, mo ti ń rí fáànù tó ń yí lórí mi.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi rí i láti òkèèrè pé àgọ́ kò sí lóòró mọ́, lọ́jọ́ náà ó sáré. Ó ju fìlà nù sínú ẹrẹ̀, ó fàyà wọ́ wọ abẹ́ tapólì tó tutù yẹn, ó ń pè mí. "Ìyàwó. Ìyàwó mi, dá mi lóhùn." Mo ń wo bí ara rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ náà, ó ń fọwọ́ wá mi nínú omi. Mo gbọ́ ọ. Ahéré yẹn kò jìnnà, bí mo bá wúkọ́ lásán, á gbọ́. Mo dákẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, jẹ́ kí ẹ̀rù bà á díẹ̀ sí i, kó má baà ní ká tún àgọ́ náà nà lọ́la. Ó wá pa ohùn dà, ó fi mí sílẹ̀, Ọlọ́run ló ń pè: "Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un." Mo ṣì dákẹ́. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ di ẹkún ni mo tó gba ẹ̀yìn yọ pẹ̀lú korobá mi, mo ní, "Kànga ni mo lọ o." Ó gbá mi mọ́ra, ẹrẹ̀ bò ó lójú, èékánná ìka rẹ̀ kan ti ṣí. Ó bi mí pé, "Ṣé o dẹ okùn?" Mo ní, "Mo dẹ ẹ́." Ó wo àwọn èèkàn tó tu sílẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni. Mi ò kàn wọ́n jìn tó. Dárí jì mí." Mo sì dárí jì í. Ẹ gbọ́ mi yé o: èmi ni mo dárí jì í.

A kó lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí ìgbìmọ̀ ìjọ, torí òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún wọn. Alàgbà kan ní, "Ẹni tí àgọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ìyàwó rẹ̀, ṣé òun la ó ní kó na àgọ́ lé gbogbo ìjọ lórí?" Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó padà dé, ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá àwọn tí kò tó o nínú iṣẹ́ rán àgọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún fọkàn tán an. Èmi tí mo sì ti rí fáànù, mi ò gbádùn rẹ̀. Ó ṣe mí ní kàyéfì. Mo ń wá ìró òjò lórí tapólì, mo ń wá afẹ́fẹ́ ìdájí, omi òjò tí mo fi ń fọ irun, àti ọkùnrin tó máa ń bù fún mi nínú òkùnkùn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé ká padà. A padà, ó mọ́ mi lára, mo fi ìyókù òwú hun okùn tí mo ń sá aṣọ sí, mo mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ nípa òórùn ilẹ̀. A gbé ibẹ̀ títí a fi kọ́ ilé yìí. Bí wọ́n bá bi mí pé nígbà wo ni inú mi dùn jù láyé, ìgbà yẹn ni. Òjò kọ̀ọ̀kan tó bá ṣú nìkan ló máa ń rán mi létí ohun tí mo ṣe.

Láàárọ̀ yìí, mo bá bàbá yín nídìí tíì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má bi mí. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ nígbà tí mo ń pè ọ́?" Mo ní, "Mo gbọ́." Ó gbé ife kalẹ̀, ó jáde. Ó pẹ́ kó tó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ti okùn, mo ti fi jì ọ́. Ti ìpè yẹn, fún mi láàyè díẹ̀. Àmọ́ pe àwọn ọmọ, kó o sọ fún wọn. Kí wọ́n mọ̀ pé èèkàn mi jìn tó."

Èèkàn rẹ̀ jìn tó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn tí ẹ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí, ní ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ìwọ ọmọ mi, bí àgọ́ bá sú ọ, sọ ọ́ lẹ́nu. Ọkọ tó fẹ́ràn ẹni á bá ẹni kẹ́rù. Má ṣe jẹ́ kí okùn bá ọ sọ ọ́. Bí ó bá sì pè ọ́, inú yín ì báà má dùn síra yín, dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ̀yin ń bọ̀ lọ́nà, bàbá yín wà lẹ́yìnkùlé, ó pè mí pé kí n bá òun mú ìgò ojú òun wá. Kò tíì pè mí tán tí mo fi jẹ́ ẹ.