Wọ́n Fi Orúkọ Rẹ̀ Sọ Ajá

Nínú takisí tó ń ti Ṣàgámù lọ Ìsarà, wọ́n fún mi sáàárín ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ di etí, ọwọ́ mi ò ráyè.

"Ọdún kan gbáko lo fi ń bá wọn wẹ àwọn ajá tí ò ní olówó nílé ìtọ́jú ajá yẹn, o ò gba kọ́bọ̀," ni ìyá wí. "Kí ni wọ́n wá fi dúpẹ́?"

"Wọ́n fi orúkọ mi sọ ajá kan, Màmá. Iyì ni."

"Iyì bóo? Nílé wa níhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ bú aládùúgbò rẹ̀ ló ń sọ ajá lórúkọ. Ta lo ṣẹ̀ níbẹ̀?"

"Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọn ò fẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n fẹ́ fi okùn kan náà so ìwọ àti ajá. Tó bá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ, orúkọ ta ni wọ́n máa pè? Tó bá kú ńkọ́? Orúkọ tí èmi fi oyin àti iyọ̀ sọ! O ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ okùn yẹn ni mo ṣì ń rún lẹ́nu bí obì nígbà tí ọmọ náà rọra fèsì.

"Ẹ gbọ́, Màmá. Dókítà ẹranko ti ní ajá náà kò ní yè. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu títí ó fi dìde."

Ìyá na ọrùn kọjá iwájú mi wò ó. "Ṣé abo tilẹ̀ ni?"

"Akọ ni, Màmá."

"Háà! Wàá mú mi lọ ní Sátidé. Mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí ẹni tó ń bá ọ jẹ́ orúkọ."