Sìkírá Kò Kó Àrùn Wá láti Abíjàn

Allāhu Akbar! Ẹ tún un ké, kí wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Ara! Allāhu Akbar! Ọlọ́run ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin aládùúgbò mi kọ́.

Sìkírá ọmọ mi ló ní kí n sọ ọ́ ní àsàlátù, kí n má fi nǹkan kan bò. Kò pẹ́ tí ó ti ìrìn-àjò Abíjàn dé ilé ọkọ rẹ̀ ní ìlú Ara tí ojú ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Bí ó bá tọ̀, á máa ta á. Nǹkan funfun kíki bí wàrà ń jáde. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i lára aṣọ, ó figbe ta: "Àrùn àgbèrè! Ó ti kó o wá fún ọmọ mi!"

Wọ́n di ẹrù rẹ̀, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ mi. Múfútáù ọkọ rẹ̀ pè mí: "Bàbá, kó sọ ọkùnrin tó fún un. Bí kò bá sọ ọ́, ó parí nìyẹn."

Nílé mi ńkọ́? Àbúrò mi obìnrin ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó gbé álọ́ọ̀mù àti ọṣẹ fún un: "Fi fọ inú rẹ dáadáa, ìwọ aláìmọ́!" Àwọn kan tó jókòó síbí ń fọwọ́ bo imú bí wọ́n bá ń kọjá. Mo rí yín!

Èmi alákọ̀wé wá ńkọ́? Mo ra kápúsù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Bí ó bá tán, mo tún ra òmíràn. Sìkírá ní, "Bàbá, ó ń ta mí bí ata." Mo ní, "Lo kápúsù rẹ tán!"

Nígbà tó burú jù, mo mú un lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan fi òwú mú lára nǹkan funfun náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, kì í ṣe àrùn àgbèrè. Ìbátan ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni. Ó ti wà lára obìnrin tẹ́lẹ̀, ìgbà tó bá pọ̀ jù ló ń dààmú. Wúńdíá pàápàá lè ní in. Ta ló ń ra kápúsù fún un?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń bọ́ ọ, sà! Kápúsù yẹn ń pa kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Álọ́ọ̀mù sì ń bó o lára."

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Ní yunifásítì, mo fi ojú mi méjèèjì rí ìwúkàrà nínú maikirosíkóòpù, róbótó, tó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Áà, ayé ìgbà yẹn! A rò pé àìmọ̀kan yóò kú kí a tó darúgbó. Kò kú. Inú ilé mi ló ń gbé.

Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ìtọ̀ ṣúgà náà lè fà á, kò sí nǹkan kan. Wọ́n fún un ní oògùn tí a ń tì sí ojú ara, wọ́n ní kó lò ó tán. Omi lásán ni kó fi máa fọ ìta, kó má fọ inú mọ́. Pátá òwú tó gbẹ ni kó máa wọ̀. Bí yíyún náà bá tún dé, kó padà sí ọsibítù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, yíyún náà lọ! Alihamudulilahi!

Múfútáù àti ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Sìkírá na ìwé ọsibítù sí ọkọ rẹ̀: "Ẹ kà á fún ìyá yín." Ó kà á. Ìyá wolẹ̀.

Sìkírá ní, "Ìta gbangba ni ẹ ti pè mí ní alágbèrè, ìyá. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ pé irọ́ ni."

Wọn ò tíì sọ ọ́. Òun náà ò tíì padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin tí ojú ara ń yún lábẹ́lẹ̀, ẹ má fara pamọ́ kú. Ẹ lọ gba àyẹ̀wò. Sìkírá ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó bá a jókòó lórí ẹní rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ bi í, àyè wà.