Ibi Tí A Kàn Yà

Mi ò lè gbọ́ "a kàn yà níbẹ̀" kí n má rántí tọkọtaya kan tó jókòó kọjú sí mi nínú bọ́lẹ̀kájà láti Òwènà lọ sí Ìdànrè, kí òmìnira tó dé. Oko kòkó ni wọ́n ti fẹ́ lọ ṣiṣẹ́.

"Bí olóko bá bi wá léèrè ọ̀nà tí a gbà dé Aládé ní Ìdànrè," ọkọ ní, "sọ pé ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. A kàn yà ní Ìgbókòdá, a sùn, a tún gbéra."

"Ọmọ tí mo pọ̀n wọ ọkọ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mí kanlẹ̀. "Àwọn tó gbà wá sílé ti bá wa sin ín."

"Wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí."

"A kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀." Ó ká ọ̀já tó fi ń pọnmọ lé itan. "Gbogbo iyanrìn etí omi ni mo dágbére fún."

Nígbà tí òkè Ìdànrè yọ, ọkọ ní, "A ti dé."

"Àwa la yà ní Ìgbókòdá," obìnrin náà dáhùn. "Ọmọ mi ò yà. Ibẹ̀ ló dé sí."