Ekòló Tí Mo Pa Lẹ́yìn Ilé

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lè máa gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Ọmọ mi, ìwọ ni mo bí. Ìyàwó ọmọ mi, o ṣeun tí o wá. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ wúwo kí o tó wọ ilé yìí. Òórùn tó lé ọ lọ, èmi ni mo fà á.

Ẹ rántí ìgbà tí ìyàwó ní ká dí ṣáláńgá, ká ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí kò ní ba omi kànga jẹ́. Ọkùnrin tó wá ṣe é gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ó kó èérún pákó sí i, ó wá da ekòló lé e lórí. Ó ní àwọn ni yóò máa jẹ ìgbẹ́ wa, pé omi tó bá ṣẹ́kù yóò gba inú òkúta wẹ́wẹ́ kọjá lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àṣé a ti rọ́wọ́ họrí débi ká máa sin ekòló bí ẹni sin adìẹ." Àmọ́ inú mi ò dùn. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ṣáláńgá yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí kí wọ́n tó dí i. Ìyàwó wá tún ń ṣòfin fún mi nínú ilé mi: "Mààmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun síbẹ̀ o, yóò pa wọ́n."

Bó ṣe fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò pa wọ́n fún mi nìyẹn. Nígbà tí gbogbo ilé lọ sóko, mo da odindi ìgò ńlá kan sí i. Àgbà òṣì ni mí.

Òórùn dé, eṣinṣin dé, àwọn ará àdúgbò ń dímú kọjá. Ọkùnrin yẹn padà wá, ó ṣí ìdérí, gbogbo ekòló ti kú. Ó ní, "Ta ló da oògùn sí i?" Ẹ̀yin méjèèjì wojú mi. Mo ní, "Ṣé èmi ni mo ń fọ ibẹ̀ ni?" Ìyàwó tó ń fọ ọ́ ní òun kọ́. Ọmọ mi, o yíjú sí ìyàwó rẹ, o pè é ní òpùrọ́, o ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Mààmá, ẹ bá mi dá sí i, ẹ mọ̀ pé mi ò ṣe é." Mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ní mi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ. Ó ń di ẹrù, ó ń sunkún, mo tiẹ̀ bá a ká aṣọ.

Ìyàwó mi, foríjì mí bó bá ṣeé ṣe. Mi ò ní kí o padà. Má padà torí àánú arúgbó tó ń kú lọ. Ọmọ mi, má wò mí. Èmi kọ́ ló yẹ kí o máa tù nínú. Òun ni kí o wò, kí o bẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ ọ́ níṣojú mi pé òun kọ́ ló pa wọ́n. Sọ ọ́ sókè, etí mi ti ń lọ.