Mo Ti Gúnyán, Ó Ku Ẹnu

Ọlá ńlá ni fún ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé ó yẹ kí gbogbo ayé mọ ohun tí òun jẹ lọ́sàn-án. Nínú ọkọ̀ Ìdó sí Ìkọ̀lé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tó jókòó síwájú mi ń jiyàn lórí àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn gbé sí sítétọ́ọ̀sì fóònù rẹ̀.

"Tún un kà," ẹ̀gbọ́n wí.

"'Mo ti gúnyán. Ó ku ẹnu.'"

"Kí Màámi yọ ọ́ kúrò. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti rí i. Wọ́n ní ebi ló ń pa á."

"Ẹni tó gúnyán ni ebi ń pa?"

"Kí ló wá ń wí?"

"Ẹ wo àwòrán yẹn dáadáa. Abọ́ mélòó lẹ rí?"

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù. "Mẹ́ta."

"Èèyàn mélòó ló ń gbé pẹ̀lú Màámi?"

Ẹ̀gbọ́n fi ìka kan àwọn abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn, mo ń tún gbólóhùn náà jẹ lẹ́nu.

"Ṣebí mo ti sọ fún un pé a ò ní ráyè yà sọ́dọ̀ rẹ̀," ẹ̀gbọ́n wí níkẹyìn.

"Ó gbọ́. Ó sì gúnyán."

Ẹ̀gbọ́n dá fóònù padà. "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, Ayégbajú, nílé ìyá wa, la ti máa sọ̀ o."

Kí ọkọ̀ tó gbé àwa yòókù dé Ìkọ̀lé, mo ti kọ "Mo ti gúnyán, ó ku ẹnu" sí sítétọ́ọ̀sì tèmi, mo sì ń yọjú wo àwọn tó ti rí i. N ò tilẹ̀ ní odó nílé.