Rédíò Bàbá Tí Mo Dín Ohùn Ẹ̀ Kù

Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírá ò jẹun láti àná. Èmi ni mo fà á, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ má tíì bú mi o! Ṣé ẹ̀yin náà ò tọwọ́ bọ nǹkan rí, torí pé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nílé wa, rédíò Bàbá kì í dákẹ́. Tí wọ́n bá dín ohùn ẹ̀ kù, a jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ ohun tí ò dùn mọ́ wọn nínú nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi á yáa lọ kúnlẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Rédíò yìí bà jẹ́, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe o, àmọ́ mo ti ra tiransísítọ̀ kan ní Ìdúmàgbò, nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò ju ẹ̀wà lọ. Wọ́n ní tí iná tín-ín-tín bá wọ ẹsẹ̀ àárín, á ṣílẹ̀kùn fún ohùn tó ń lọ sí sípíkà, ohùn á sì gbabẹ̀ yà lọ síbòmíì, èyí tó dé sípíkà á wá dín kù. Nǹkan bí ẹ̀wà ló máa darí rédíò Bàbá? Àfi kí n rí i! Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ inú ẹ̀, mo fa wáyà gba ojú fèrèsé wọ yàrá mi, mo wá ń yí bọ́tìnnì tí mo so mọ́ ẹnu wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Ohùn ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ́wọ́ ẹnì kankan lórí rédíò. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí!

Àṣé Sìkírá wà lábẹ́ fèrèsé Bàbá, ó ń bá Jìmọ̀h sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn ẹbí Jìmọ̀h fẹ́ wá tọrọ ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá rò pé àwọn méjèèjì ò mọra rí. Sìkírá fẹkún sọ ọ́ fún mi pé bóun ṣe ní, "Màá ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ẹ́," báyìí ni rédíò lọ sílẹ̀. Ló bá sáré wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ témi àti Jìmọ̀h ti ń fẹ́ra."

Bàbá tó ń gbọn rédíò, tí wọ́n rò pé bátìrì ló kú, gbé e kalẹ̀. "Ẹ ti parí ẹ̀ láàárín ara yín! Kí ni wọ́n tún fẹ́ wá bi mí? Kí wọ́n jókòó sílé wọn."

Ọ̀la ni Àìkú náà. Jìmọ̀h ti ra èso sílẹ̀. Sìkírá bi mí pé, "Àbúrò, báwo ni Bàbá ṣe gbọ́, témi rọra sọ ọ́?" Mo ní etí àgbà ni. Ẹ wo irọ́! Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Tí mo bá jẹ́wọ́, bóyá ìbínú Bàbá á yà sọ́dọ̀ mi, kó fi Sìkírá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí pankẹ́rẹ́ wọn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn káwọn ẹbí Jìmọ̀h tó wọ mọ́tò n'Ìjẹ̀bú. Ká ní ẹ̀yin ni, ta lẹ máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: Bàbá tó máa nà mí, àbí Sìkírá tó fọkàn tán mi?